Ìtàn Ìgbésí Ayé Àwọn Ará Moravia Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni ó ti jẹ́ àṣà nínú Ìjọ Moravia pé kí onígbàgbọ́ kọ ìtàn bí Olúwa ti bá a lò sílẹ̀ kí ó tó kú, kí a sì kà á níbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ ọ́ a máa sọ ọ́ fún akọ̀wé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a tọ́jú sí Herrnhut ní Jámánì àti Bethlehem ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni a fi lẹ́tà Jámánì àtijọ́ kọ, èyí tí àwọn ọmọ Jámánì òde òní pàápàá kò lè kà bọ̀rọ̀.

Nítorí náà, yíya àwòrán ìwé nìkan kò tó. Iṣẹ́ Moravian Lives, tí Yunifásítì Bucknell àti ti Gothenburg jọ dáwọ́ lé, ń da ọ̀rọ̀ inú wọn kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ó lè ṣeé wá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Magdalene Beulah Brockden, tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1731 ní Little Popo, Aného ti Togo òde òní. Ẹrú ni nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Bethlehem ní 1743. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1820. Òun náà fi ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn ẹrúbìnrin ìgbà náà.