Kí A Tó Wọ Yàrá Iṣẹ́ Abẹ, àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin arábìnrin wa nínú ẹ̀sìn, bí oníṣègùn bá fi iṣẹ́ abẹ yọ fáíbírọ́ọ̀dù, tàbí tí ó fi gbé ọmọ jáde, tí a sì gbọ́ pé ìyá ti lajú, gbogbo ẹbí a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu kan ṣì kù: kòkòrò àìfojúrí lè wọ ojú ọgbẹ́ tàbí inú ilé-ọmọ, kí àmì rẹ̀ sì yọ láàárín 30 ọjọ́. Ilé ni a ti ń lo púpọ̀ nínú ọjọ́ wọ̀nyí, nítorí náà ilé ní ojúṣe tirẹ̀.

Ta ni ewu yìí sún mọ́ jù? Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹni tí ó sanra jù, ẹni tí ń mu sìgá, àti ẹni tí omi olóòórùn ń dà lójú ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá pẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì dà nù, ewu a tún pọ̀ sí i. Kí obìnrin má ṣe tìtorí ìtìjú fi ọ̀kankan pamọ́ fún dókítà, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni a lè tọ́jú kí ọjọ́ náà tó pé.

Ọ̀rọ̀ kan kan àwa Mùsùlùmí gan-an. Sunna ni kí a máa mú irun abẹ́ kúrò, kí ó má sì kọjá 40 ọjọ́. Àwọn arábìnrin kan a máa fi réésà fá a ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọ̀la yóò mọ́ fún iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n lè wà ní mímọ́. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n réésà a máa dá ọgbẹ́ tí ojú kò rí sí ara, ibẹ̀ ni kòkòrò sì ń gbà wọlé. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má ṣe fá irun ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Bí ó bá di dandan, kílípà ni kí a fi gé e. Gígé e bẹ́ẹ̀ kò sì lòdì sí Sunna. Ọṣẹ àti omi ni kí a fi wẹ̀ dáadáa.

Bí a bá padà délé, kí a má ṣe fi àgbo tàbí ìyẹ̀fun kan ojú ọgbẹ́. Bí dókítà bá ní kí omi má kàn án, kí a bi àáfà bí a ó ti ṣe àlùwàlá. Súrà Máídà, áyà 6, ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ibà bá mú un, bí ọgbẹ́ bá wú, tí ó ṣọyún tàbí tí ó là, bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn ún sí i, tàbí tí omi olóòórùn ń jáde lójú ara, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó wò ó di ọ̀la. Ẹ gbé e padà sí ọsípítù lọ́jọ́ náà gan-an. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.