Ìpahínkeke Lójú Oorun àti Èémí tí ń Dá Dúró

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ń hanrun kíkankíkan ti sùn fọnfọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bí híhanrun náà bá ń dákẹ́ lójijì, tí èémí kò sì lọ tí kò bọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èyí sì ń ṣẹlẹ̀ tó ìgbà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, àìsàn ni àwọn oníṣègùn kà á sí.

Ohun tí ń fà á nìyí. Nígbà tí a kò sùn, iṣan abẹ́ àgbọ̀n a máa fa ahọ́n síwájú, kí ọ̀nà ọ̀fun lè ṣí sílẹ̀. Bí oorun bá gbé ènìyàn lọ, iṣan wọ̀nyí a dẹ̀ bí okùn tí a tú lára èèkàn. Àgbọ̀n a wálẹ̀, ahọ́n a sì padà sẹ́yìn. Bí ọ̀fun ẹni náà bá há, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé.

Nígbà náà ni ọpọlọ yóò ta ara jí. Jíjí náà kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kì í rántí rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ọ̀fun a ṣí. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a fi ń jẹun pẹ̀lú a máa súnkì léraléra, bí ẹni pé ó ń jẹran. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pa ehín keke lóru, tí àwọn ará ilé sì ń sọ pé aràn ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń pa ehín keke ni èémí rẹ̀ ń dá dúró.

Ẹni tí àìsàn yìí bá ń ṣe a máa tòògbé lọ́sàn-án, àní nídìí ọkọ̀ tí ó ń wà. Orí a máa fọ́ ọ lówùúrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru a sì máa bá a rìn. Kí a má ṣe pè é ní ọ̀lẹ.

Ìmọ̀ràn:
(1) Kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn, kí ó má ṣe fi ẹ̀yìn lélẹ̀.
(2) Kí ó yẹra fún ọtí lálẹ́, nítorí ọtí a máa mú kí iṣan dẹ̀ sí i.
(3) Bí ó bá sanra jù, kí ó dín in kù.
(4) Kí ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ohun kan wà tí a ń fi sẹ́nu, tí ń fa àgbọ̀n síwájú. Ẹ̀rọ kan sì wà tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú lóru, tí Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Australia fi han ayé ní ọdún 1981.

Ẹni tí ó sùn kò lè gbọ́ híhanrun ara rẹ̀. Ọkọ tàbí aya tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ó tẹ́tí, kí ó sì sọ fún un.