Láti Kano Dé Ọ̀nà Àjàbà: Eré Mọ́tò Ayé Ìgbà Tiwa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Pijó 504 ṣe lágbára tó, kó má wulẹ̀ bi ẹni tó rà á, mẹ́káníìkì ni kó bi. Mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí palẹ̀, tí mo sì ń tò ó padà, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́ ní Kano títí tí mo fi wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwa àgbà tó fẹ́ràn eré mọ́tò máa ń kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù náà ní Ìpèrìn. Awakọ̀ Pijó tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, Tíṣà tó fi Honda lọ sí iléèwé fún ọ̀pọ̀ ọdún wà níbẹ̀, bàbá ará Èjìgbò kan tó gbé Abidjan títí irun rẹ̀ fi funfun náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ kì í yí padà: mọ́tò wo ló pẹ́ jù lójú ọ̀nà, ta ló mọ ọ̀nà wà jù, ọdún wo ni ti ibí, ọdún wo ni ti ọ̀hún. Mo fẹ́ kọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, torí àwọn tó fojú rí i ti ń dín kù láàárín wa.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Eré mọ́tò tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde lónìí, Formula One, orí títì tó yípo tí wọ́n dìídì ṣe fún un ni wọ́n ti sábà máa ń sá a. Ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilẹ̀, kò sì lè ti Ìlá dé Òkè-Ìlá kó má fọ́. Rally yàtọ̀. Ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ni rally, nínú ẹrẹ̀, nínú eruku, lórí òkúta. Ẹni méjì ló sábà máa ń wà nínú ọkọ̀: ọ̀kan ń wà á, èkejì ń ka ìwé ọ̀nà sí i létí pé kọ́nà ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì, pé afárá tóóró wà níwájú. Wọn kì í tú gbogbo ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á lọ, òmíràn á tẹ̀ lé e, wọ́n á wá ka àkókò tí oníkálukú lò. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kéré jù ló gba ipò kìíní. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí kò bàjẹ́ fi níyì nínú rally ju ọkọ̀ tó kàn ń sáré lọ, tí mẹ́káníìkì fi níyì níbẹ̀ tó awakọ̀.

Kano ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Oṣù karùn-ún ọdún 1974 ni. Wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Jámánì lọ́dún yẹn, ni àwọn òyìnbó bá ṣètò rally kan láti London dé Munich. Àmọ́ wọn ò gba ọ̀nà tó yá. Wọ́n gba Spain, wọ́n bọ́ sí Mòrókò, wọ́n wọ aṣálẹ̀ Sàhárà láti Àlùjíríà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ títí dé Kano wa, kí wọ́n tó tún yí orí padà sí àríwá. Kano ni ìpẹ̀kun ọ̀nà náà níhà gúúsù. Epo rọ̀bì ti gbówó lórí gan-an ní ìparí ọdún 1973, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá fà sẹ́yìn, nítorí náà àwọn tó fi owó ara wọn wá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ṣìnà nínú aṣálẹ̀, tí wọn ò tilẹ̀ fojú kan Kano.

Èmi ọmọ iṣẹ́, mo fún ara mi mọ́ àárín èrò láti wo àwọn tó dé. Eruku bo ọkọ̀ wọn débi tí a kò fi mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn: ẹni tó wakọ̀ náà ló ń di nọ́ọ̀tì, òun ló ń wo ṣọ́kì, òun ló ń fa táyà. Mo rí Citroën kan láàárín wọn. Ọkọ̀ yẹn kò ní spíríngì. Ọ́ìlì àti gáàsì ló gbé e dúró. Tí wọ́n bá pa á, á rọra jókòó sílẹ̀. Tí wọ́n bá ṣáná sí i, ìdí rẹ̀ á dìde ná, orí á tẹ̀ lé e, bíi ràkúnmí tí wọ́n di ẹrù lé. Irú Citroën bẹ́ẹ̀, DS 23, ló gba ipò kìíní nígbà tí wọ́n dé Munich. Àwọn ọmọ Ọsirélíà mẹ́ta ló wà á: Jim Reddiex, Ken Tubman àti André Welinski. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé àwọn tó ń fi owó ara wọn sá eré yìí ni mo máa fẹ́ràn jù.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1975, ni ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní Kaduna. Lọ́dún yẹn kan náà, Ove Andersson, ọmọ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Jean-Pierre Nicolas, ọmọ Faransé, tún fi 504 gbà á ní 1978. Inú wa dùn bí ẹni pé àwa la wà á, torí ọkọ̀ tí a ń tún ṣe lójoojúmọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí agbára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ga sílẹ̀. Spíríngì rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀, nítorí náà táyà á wọ kòtò, á sì jáde, kí ẹni tó jókòó tó mì dáadáa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní ọ̀pọ̀ ìdíjú. Ẹni tó mọ kàbúrétọ̀, tó mọ kọ́ńtáàtì, tó mọ plọ́ọ̀gì, lè tún un ṣe lábẹ́ igi. Gbogbo ẹni tó wọ wágùn rẹ̀ láti Ìlá lọ sí Ìbàdàn láyé ọjọ́un mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹnì kan wà nínú ìtàn Safari tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Joginder Singh ni wọ́n ń pè é, ọmọ Kẹ́ńyà tí ẹ̀yà rẹ̀ ti Íńdíà wá. Mẹ́káníìkì ni bíi tèmi. Ní 1965, òun àti àbúrò rẹ̀ wa Volvo àlòkù, wọ́n sì fi gba ipò kìíní. Ó tún gbà á ní 1974 àti 1976, Mitsubishi Lancer ló lò nígbà yẹn. Ọkùnrin yìí máa ń gbọ́ ìrora ọkọ̀ kí ọkọ̀ náà tó bàjẹ́. Kò sí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn ju ṣọ́ọ̀bù lọ.

Bàbá ará Èjìgbò ló ni ìtàn Bandama. Ẹ mọ̀ pé kò sí agbo ilé ní Èjìgbò tí kò ní èèyàn ní Abidjan. Rally tí wọ́n ń sá ní Côte d'Ivoire yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1969, inú igbó kìjikìji ni wọ́n sì ń gbé e gbà, lórí ilẹ̀ pupa tí òjò máa ń sọ di ẹrẹ̀. Ní 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀. Kódà ẹyọ kan! Nígbà tó di 1978, ó wọ inú ìdíje rally àgbáyé. Bàbá máa ń sọ pé òru ló dùn wò jù: wọ́n á dúró sí etí igbó, wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ ìró, iná á yọ láàárín igi, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á fẹ́ aṣọ lára èèyàn, ó ti lọ nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, àwọn ará abúlé ló ń tì í jáde. Ní 1979, Mercedes gba ipò kìíní dé ìkẹrin níbẹ̀. Hannu Mikkola ló ṣáájú, àmọ́ Björn Waldegård tó ṣe ìkejì ló gba ife àgbáyé ọdún náà, máàkì kan péré ló fi jù ú lọ.

Ti 1982 ló máa ń mú kí gbogbo wa dákẹ́. Obìnrin kan, Michèle Mouton, ọmọ Faransé, ń du ife àgbáyé pẹ̀lú Walter Röhrl ọmọ Jámánì. Bí eré ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mú ìròyìn wá fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú. Ó wọ ọkọ̀ Audi rẹ̀, ó sì ń lọ. Ó ṣáájú gbogbo àwọn ọkùnrin jìnnà kí ọkọ̀ tó dà á láàmú, kó sì tó fi forí sọ nǹkan. Röhrl ló gba ipò kìíní, òun náà ló gba ife. Ní tèmi o, Mouton ni mo kà sí akọni ọdún yẹn. Ní 1988, Alain Ambrosino tó ń gbé Abidjan nígbà yẹn fi Nissan gba ipò kìíní níbẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n wà.

Abidjan yìí náà ni gbòǹgbò eré Paris–Dakar. Ní 1977, Thierry Sabine gun alùpùpù nínú eré tó ń ti Abidjan lọ sí Nice, ó sì sọnù nínú aṣálẹ̀ Líbíà kí wọ́n tó rí i. Dípò kó kórìíra aṣálẹ̀, ó dá eré tirẹ̀ sílẹ̀, Paris–Dakar nìyẹn. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1978 ni wọ́n gbéra ní Paris. Cyril Neveu ló gba ipò kìíní lórí Yamaha XT 500, máṣíìnì onísìlíńdà kan. Èrò púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹni tí eré mọ́tò ń bọ́.

Wàyí o, kí la ṣe nílé? Alùpùpù la ní. Láyé ìgbà tí Ìlá wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tíṣà àti akọ̀wé ló ń fi ẹ̀yáwó ra Honda, Suzuki àti Yamaha. Tó bá di àsìkò ọdún, tí àwọn ọmọ Ìlá ti ìdálẹ̀ dé, a máa ń lọ sọ́nà Àjàbà lówùúrọ̀ kùtù. Tíṣà ló ni aago ọwọ́, òun ló ń tú wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bíi ti rally. Àríyànjiyàn ibẹ̀ kì í tán. Àwọn oní-Suzuki àti Yamaha ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo. Máṣíìnì wọn á fò sókè kíá, àmọ́ á gbóná kíá. Honda kì í kánjú, ṣùgbọ́n á dé. Èmi ni wọ́n máa ń gbé irin eléyín ẹ̀yìn wá bá, èyí tí ṣéènì ń yí. Bí eyín rẹ̀ bá kéré níye, máṣíìnì á sáré gan-an níbi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ agbára á tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó bá dé òkè. Bí eyín bá pọ̀, á gun òkè wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì ní yára ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Ìgbómìnà wa yìí, òkè àti ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi eyín púpọ̀ sí i ló sábà máa ń borí.

Kò pẹ́ tí eré yẹn fi dúró. Ọ̀nà tí ìyá àgbẹ̀ ń ru iṣu kọjá ni, ọ̀nà tí àgùntàn ń sọdá ni, kò sì sẹ́ni tó dé akoto nínú wa. Ọ̀kan nínú wa ṣubú ní kọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún mọ́ títí dòní. Ní 1977 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kó tó di pé ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1988, tí wọ́n sì fi òun náà ṣe alága rẹ̀. Èèyàn tó bá rí ohun tí eré àsápajúdé ń ṣe nígbà yẹn kò ní bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dìde.

Ìdí tí mo fi ń gbé àwọn arìnrìn-àjò wa gẹ̀gẹ̀ nìyí, torí àwọn ni wọ́n ṣe rally tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọlábísí Àjàlá fi Vespa kékeré la ilẹ̀ kọjá ilẹ̀, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1963, kí Ebenezer Obey tó gbé orúkọ rẹ̀ sínú orin. Newton Jibunoh dá nìkan wa ọkọ̀ Volkswagen alábahun láti London gba Sàhárà wálé ní 1966. Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù kúrò ní London ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin 2022, ó wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, nítorí àtikó owó jọ láti gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Pẹ̀lúmi Nubi, ọmọbìnrin wa, dá wa Pijó 107 láti London wá sí Èkó ní 2024, láti ọjọ́ 30 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin. Ó ní ìjàǹbá ní Côte d'Ivoire, wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe, ó sì bá ìrìn rẹ̀ lọ. Mo kí mẹ́káníìkì tó ṣe iṣẹ́ yẹn láti ibi tí mo wà.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń fi Bajaj dábírà lórí ọ̀nà Àjàbà kan náà, àwọn mìíràn ń yí ọkọ̀ po láàárín ìgboro nígbà ìnáwó. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá àti sí ẹ̀yin ọmọ Ìlá tí Ọlọ́run bù kún ni pé kí ẹ wá pápá ilẹ̀ kan fún wọn lẹ́yìn ìlú. Eré alùpùpù orí ilẹ̀ pupa, tí wọ́n ń pè ní motocross, kò béèrè ọ̀dà. Gegele, kòtò, okùn tí yóò dá èrò dúró sẹ́yìn, akoto lórí gbogbo wọn, àti nọ́ọ̀sì kan nítòsí ti tó bẹ̀rẹ̀. Èmi á máa yẹ búréèkì àti táyà wọn wò láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní fọ́tò ọkọ̀ tó dé Kano ní 1974, tàbí ti Bandama, tàbí ti àwa àti Honda wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́ sínú àpótí. Ẹ mú un wá sí Ìpèrìn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́kọ́jọ́. A wà níbẹ̀.