Ẹ̀rọ ìfọabọ́ olówó ńlá: Kí gan-an ni àwọn ọmọ yín ń sanwó fún?

Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá tó lọ kí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ló ti rí i: ẹ̀rọ kan bí àpótí, tó ga dé ìbàdí, nínú ilé ìdáná. Ọmọ á ní ẹ̀rọ ìfọabọ́ ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí i, ìkòkò àti ike lásán ni wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀. Àwọn mìíràn ń lò ó ní tiwọn, débi pé bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, olówó ńlá ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé kí ìyá wọn lè sinmi. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí owó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Obìnrin ló gbé irú ẹ̀rọ yìí dé ọjà. Josephine Cochrane lorúkọ rẹ̀, ará ìlú Shelbyville ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Inú ń bí i pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń fọ́ àwo tánganran òun létí. Ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní December 1886, ó sì fi han gbogbo ayé níbi ìpàtẹ ńlá ìlú Chicago ní 1893. Ní Yúróòpù, ilé iṣẹ́ Miele ti Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe èyí tí ń lo iná mànàmáná, ní 1929.

Kò sí kànìnkànìn kankan nínú rẹ̀ tó ń ha abọ́ o. Ẹ̀rọ náà á fa omi díẹ̀, á gbé e gbóná, á sì máa tú u pẹ̀lú agbára láti ara apá tó ń yí bí fáànù. Ọṣẹ rẹ̀ kì í hó. Èròjà tó ń jẹ oúnjẹ kúrò lára abọ́ ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló fi ń ṣí àmàlà tó gbẹ mọ́ àwo. Omi kan náà ló ń tú léraléra kó tó dà á nù, torí náà gbogbo iṣẹ́ náà kì í sábà ju lítà 9 sí 12 lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ní 300 sí 400 pọ́n-ùn yóò rí èyí tó dáa rà. Bosch tó wà láàárín ń lọ ní nǹkan bíi 500 sí 600. Ṣùgbọ́n àwọn Miele tó gbayì ń tó 1,000, àwọn kan sì ń kọjá 1,500, èyí tó jẹ́ bíi mílíọ̀nù 3 náírà ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn ní 2025.

Ká sòótọ́, ìmọ́tótó abọ́ kọ́ ni owó tó lé yẹn ń rà. Olówó kékeré náà ń fọ abọ́ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń rà: àwọn olówó kékeré ń dún tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 48 sí 50, àwọn olówó ńlá ń sọ̀ sí bíi 40, ó sì dà bíi pé ariwo náà dín sí ìdajì létí ẹni. Ẹni tí ilé ìdáná rẹ̀ àti pálọ̀ jẹ́ ọ̀kan, tí ìkókó ń sùn nílé, mọ iyì ìyẹn. Wọ́n tún ń ra gbígbẹ abọ́, pàápàá ike, tí kì í fẹ́ gbẹ. Ilẹ̀kùn Miele mìíràn á ṣí fúnra rẹ̀ bó bá parí. Bosch ní tirẹ̀ ń fi òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú àwọn tó wọ́n, òkúta náà á fa ọ̀rinrin, á sì mú ooru jáde.

Láti 2018, Miele tún ní èyí tó ń bu ọṣẹ fúnra rẹ̀ láti inú agolo pẹlẹbẹ kan tó ń tó ìgbà bíi 20 lò. Agolo ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe ibẹ̀ fún. Ọgbọ́n ọjà nìyẹn lójú tiwa. Àwọn kan sì wà tí èèyàn lè fi fóònù tàn láti ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n fóònù kò ní bá a kó abọ́ sínú rẹ̀.

Ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pípẹ́. Miele ní àwọn ń dán ẹ̀rọ àwọn wò fún lílò tó tó ọdún 20. Bí ti 1,200 pọ́n-ùn bá lo ọdún 20 lóòótọ́, 60 pọ́n-ùn ni lọ́dún; ti 400 tó lo ọdún 8 jẹ́ 50. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀, bí ọmọ yín bá nílé tirẹ̀. Ayálégbé tó ń kó káàkiri ní tirẹ̀, kó ra ti 400 jàre.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ wẹ ọmọ, ẹ má kó ọmọrógùn, igbá tàbí ìkòkò alumíníọ́mù sínú rẹ̀. Igi á là, alumíníọ́mù á dúdú. Epo pupa máa ń pa ike láró níbẹ̀. Ẹ gbọn ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí dànù kẹ́ ẹ tó to abọ́, nítorí asẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dí, bó bá sì dí, òórùn ló kù. Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń bù sí i, iyọ̀ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ní ti fífi ránṣẹ́ sílé, ti Amẹ́ríkà kò bá iná wa mu: 120 fólítì ló ń lò, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá a mu, ṣùgbọ́n bó bá ń gbé omi gbóná, ó ń fa wáàtì bíi 2,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-pass-my-neighbour kò lè gbé e. Omi náà gbọ́dọ̀ ní agbára. Púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ kí táǹkì fi bíi mítà 5 ga ju ẹ̀rọ lọ. Bí omi kànga ẹ̀rọ yín bá sì ń pọ́n bí ìpẹtà, iyọ̀ ẹ̀rọ kò lè yọ ọ́. Asẹ́ tó ń yọ ìpẹtà ni kí wọ́n kọ́kọ́ so mọ́ ojú omi, owó tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.