Táímọ́sì: Ilé Ìdánwò Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ara

Ẹni tí ó bá gba Òpópónà Ìkòròdú dé Onípánù, tí ó sì yà sí apá Ṣómólú, yóò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ó tó rí ilé tí ariwo náà ti ń jáde. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ètò ìsìnkú, àdúgbò yìí ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń tẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá ìtẹ̀wé tí ó mọṣẹ́ kì í tẹ ẹgbẹ̀rún ìwé láì kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan wò. Bí lẹ́tà rẹ̀ kò bá ṣeé kà, yóò sọ ọ́ nù. Bí ó bá ṣeé kà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé èébú ni ó kọ́ sórí onílé, yóò sọ èyí náà nù. Èyí tí ó bá yege nínú àyẹ̀wò méjèèjì nìkan ni ó ń jáde sí ìgboro.

Nínú àyà olúkúlùkù àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ ní Onípánù, a dá irú ilé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kan sílẹ̀. Táímọ́sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹran rírọ̀ alápá méjì ni. Ẹ̀yìn egungun àyà ni ó wà, lókè ọkàn. Kì í dun ènìyàn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ni ó ń dàgbà tí ó sì ń darúgbó láì mọ̀ pé òun ní in rárá. Síbẹ̀, ọmọ tí a bá bí láìní táímọ́sì rárá, bí kò bá sí ìtọ́jú pàtàkì fún un, ó ṣòro kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Àwọn oníṣègùn pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, àìmọ̀ yìí sì ṣe ọṣẹ́. Láyé ìgbà kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, òkú àwọn tálákà tí ebi àti àìsàn ti bá jà fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń là wò láti fi kẹ́kọ̀ọ́. Ebi àti àìsàn a sì máa mú kí táímọ́sì súnkì. Nítorí náà, kékeré ni wọ́n rò pé ó yẹ kí ó jẹ́. Nígbà tí wọ́n wá rí ti ọmọ-ọwọ́ tí ó kú lójijì, tí ó tóbi gẹ́gẹ́ bí Elédàá ti ṣe é, wọ́n ní títóbi rẹ̀ ni ó pa ọmọ náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ń fi ìtànṣán X-ray sun àyà àwọn ọmọ tí ara wọn le kí táímọ́sì wọn lè kéré. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni ó hàn pé àrùn jẹjẹrẹ ń mú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ẹṣẹ́ ọrùn, ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Ẹni tí kò mọ bí ara líle ti rí, ìlera gan-an ni yóò pè ní àrùn.

Ọdún 1961 ni ìmọ́lẹ̀ dé. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ́ oníwàádìí kan tí ń jẹ́ Jacques Miller yọ táímọ́sì àwọn ọmọ eku ní kété tí a bí wọn. Àwọn ọmọ eku náà rù, àrùn sì ń pa wọ́n. Bí a bá lẹ awọ eku mìíràn mọ́ wọn lára, ara wọn kò kọ̀ ọ́, bí ẹni pé wọn kò mọ tara wọn yàtọ̀ sí ti àlejò. Irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan ni ó ti dín kù gidigidi nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ táímọ́sì ni a fi sọ sẹ́ẹ̀lì náà lórúkọ: sẹ́ẹ̀lì T.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń bí àwọn tí yóò di sẹ́ẹ̀lì T. Wọ́n ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí táímọ́sì, wọn kò sì tíì mọ nǹkan kan nígbà tí wọ́n bá débẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ni kí ó ṣe ọwọ́ kan fún ara rẹ̀, èyí tí yóò máa fi tọ́ nǹkan wò. Láyé àtijọ́, àwọn tí ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé a máa ṣa lẹ́tà òjé láti inú àpótí, wọn a sì tò ó di ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì yìí ń ṣa ègé kan níhìn-ín àti ègé kan lọ́hùn-ún láti inú àwọn jíìnì rẹ̀, tí ó ń so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n kò wo ìwé kankan tò ó, bí ọwọ́ bá ṣe bà á ni. Susumu Tonegawa, ará Jàpáàn, gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1987 nítorí pé ó ṣàwárí irú àtòpọ̀ bẹ́ẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì B, tí í ṣe ìbátan sẹ́ẹ̀lì T.

Kí ni ìdí tí ara fi ń ṣe iṣẹ́ pàtàkì bẹ́ẹ̀ láì wo àwòkọ? Ìdí ni pé ara kò mọ àrùn tí yóò dé lọ́la. Nígbà tí àrùn kòrónà dé Èkó ní oṣù kejì ọdún 2020, àrùn tuntun ni fún gbogbo ayé. Síbẹ̀ nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí ọwọ́ wọn bá fáírọ́ọ̀sì náà mu ti wà nílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n àtòpọ̀ àìwòwé kò lè ṣàì ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni kò wúlò fún ohunkóhun. Àwọn mìíràn sì léwu, nítorí pé ara onílé gan-an ni wọn yóò dì mú. Ìdí nìyí tí ìdánwò fi gbọ́dọ̀ wà.

Kí ìdánwò náà tó yé ni, ó yẹ kí a mọ̀ nípa àtẹ. Bí àwọn tí ń kiri ní ibùdókọ̀ ti ń gbé ọjà wọn ka orí àtẹ kí gbogbo ènìyàn lè rí i, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ara ń pàtẹ ègé kékeré nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé rẹ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ilé náà, ègé tirẹ̀ yóò hàn lórí àtẹ pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni olúkúlùkù ti ń jogún àtẹ tirẹ̀, kì í sì í sábà jọ ti ẹlòmíràn. Òun ni ó ń mú kí ara kọ kíndìnrín tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn bí a kò bá lo oògùn sí i. Rolf Zinkernagel àti Peter Doherty, tí wọ́n ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Canberra ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ni ó fi hàn ní àárín ọdún 1973 sí 1974 pé sẹ́ẹ̀lì T kì í dá àrùn mọ̀ lásán: àfi bí àrùn náà bá wà lórí àtẹ tí ó mọ̀. Wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1996.

Ìdánwò kìn-ín-ní ni èyí: ǹjẹ́ ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì yìí lè kan àtẹ onílé bí? Ní ìhà ìta táímọ́sì ni a ti ń ṣe é. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan àtẹ rárá kò ní ìwúlò, nítorí pé kò ní lè ka ohun tí ó wà lórí rẹ̀ láéláé. Kò sí ẹni tí ó pa á. Kò kàn rí àmì tí ó ní kí ó máa wà láàyè ni, ó sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń parí sí. Níbẹ̀ náà ni a ti ń pín iṣẹ́ fún àwọn tí ó yege: àwọn kan di apani, tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, àwọn kan di olùrànlọ́wọ́, tí ń pe àwọn yòókù sí ogun tí wọ́n sì ń darí wọn.

Ìdánwò kejì le ju ti ìṣáájú lọ: ǹjẹ́ ọwọ́ yìí kò ha di ọjà onílé mú jù bí? Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín táímọ́sì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìyanu. Jíìnì kan tí à ń pè ní AIRE, tí a rí ní ọdún 1997, ń mú kí wọ́n pàtẹ àpẹẹrẹ ohun tí àwọn ẹ̀yà ara mìíràn nìkan ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí ínsúlínì, tí í ṣe iṣẹ́ àmọ́. Níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì T ti ń rí àwòrán gbogbo ará ilé kí ó tó jáde. Èyí tí ó bá gbá ọ̀kan nínú wọn mú gírígírí, bí ọba tí a ṣí igbá fún láyé àtijọ́ ni. Yóò pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà nínú irú wọn tí a kì í pa, tí a ń sọ di onílàjà, kí wọ́n máa pa ìjà tí kò tọ́. Nítorí àwọn onílàjà wọ̀nyí ni a ṣe fún Shimon Sakaguchi, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ní Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2025.

Nínú 100 sẹ́ẹ̀lì tí ó wọ ìdánwò, àwọn tí ń jáde láàyè kì í sábà ju 5 lọ. Ó lè dà bí ìfiṣòfò, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ onílé burú ju olè lọ. Kò sí ìdánwò tí ó pé, àwọn kan a sì máa yọ́ jáde. Bí irú wọn bá kọlu sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ínsúlínì, irú àrùn àtọ̀gbẹ kan tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe yóò dé. Àwọn tí wọ́n sì jogún jíìnì AIRE tí ó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ẹṣẹ́ ara wọn ni sẹ́ẹ̀lì tiwọn gan-an ń bá jà.

Àìsí ẹ̀ṣọ́ náà kò dára ju ìwà ọ̀dàlẹ̀ wọn lọ. Sẹ́ẹ̀lì T olùrànlọ́wọ́ ni fáírọ́ọ̀sì HIV ń wọ̀, òun ni ó sì ń pa. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, ni ó dúró níwájú àwọn oníròyìn tí ó sọ pé àrùn AIDS ni. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń bò mọ́lẹ̀ di ohun tí a ń sọ ní gbangba. Táímọ́sì àgbàlagbà kò lè tètè dí àlàfo tí àrùn náà ṣe, nítorí pé láti ìgbà ìbàlágà ni ọ̀rá ti ń gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá tètè fi oògùn dá fáírọ́ọ̀sì náà dúró, àwọn ẹ̀ṣọ́ a tún máa pọ̀ sí i. Ní Yábà, tí kò jìnnà sí Onípánù, Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ìṣègùn ti ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára àwọn ibi tí a ti ń ṣe ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá táímọ́sì tí ó wọ́pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ebi ni. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, oníṣègùn ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àrùn tí ń ṣe ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò rẹ̀. Láti inú èdè Gã ni ó ti mú orúkọ rẹ̀, kwashiorkor. Láti ọdún 1956, David Morley ṣiṣẹ́ ní Ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì tọ àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé wò láti ìgbà tí a ti bí wọn. Ó rí bí èéyi ti ń pa àwọn ọmọ tí kò jẹun kánú, ó sì ṣe káàdì tí a fi ń wo bí ọmọ ti ń wúwo sí i. Lónìí a mọ ọ̀kan nínú ohun tí ń bẹ lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà: táímọ́sì ọmọ tí ebi ń pa a máa rọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun a sì dín kù. Ìwádìí kan láti Guinea-Bissau, tí ó jáde ní ọdún 2002, fi hàn pé àwọn ọmọ tí táímọ́sì wọn kéré nígbà ìbí ni ikú ń mú jù. Bí ọmọ bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ẹran ara rẹ̀ a máa tètè padà bọ̀ sípò ju agbára ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọmọ tí ó sanra padà lójú lè wà nínú ewu síbẹ̀, kò sì yẹ kí a dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró.

Ìgbà èwe ni ọjà táímọ́sì. Ọmú ìyá a máa ràn án lọ́wọ́ láti tóbi, oúnjẹ gidi a sì máa gbé e ró. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò lè ṣe ọwọ́ tuntun fún sẹ́ẹ̀lì T; ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi àpẹẹrẹ ọ̀tá han àwọn tí ó ti yege, kí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá a mu lè di púpọ̀ kí ogun tó dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Abiyamọ tí ó pọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi ní Bàrígà tàbí ní Ṣómólú, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a ti dán wò lẹ́ẹ̀mejì ni ó ń rán níṣẹ́. Oúnjẹ tí ó bá sì fún un nígbà tí wọ́n bá délé ni yóò jẹ́ kí ilé ìdánwò náà máa ṣí sílẹ̀ lọ.