Orin, Àgọ́ àti Ìrántí

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àṣà kan tí ó wà láàrin àwọn Júù tí ń gbé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ràn orin, tí ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ wọn ní orin ní àgọ́ ìsinmi, nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa pe àwọn akọrin jọ sí gbọ̀ngàn ńlá. Wọn a ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọn a kọ àwọn orin tí olóògbé náà fẹ́ràn. Owó tí ó bá wọlé, wọn a fi rán àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́ lọ sí àgọ́ náà.

Ẹnì kan lè bi wá pé, kí ni èyí kan ará Ìbídò? Ó kàn án ní ọ̀nà méjì. Èkíní, ọ̀rọ̀ orin àwọn Júù wà ní ẹnu wa ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo. Èkejì, ilẹ̀ Rẹ́mọ fúnra rẹ̀ ti fi ojú rí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí orin, àgọ́ àti owó ìrànlọ́wọ́ bá pàdé. Ẹ fi ara balẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti orin. Ìwé Orin Dáfídì, tí ó ní orí 150, ni ìwé orin àwọn Júù láti àtayébáyé. Àwọn ọmọ Léfì a máa fi dùùrù, ìpè àti ohun-èlò olókùn kọ ọ́ nínú Tẹ́ḿpìlì ní Jerúsálẹ́mù. Ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Krístì, àwọn ọmọ-ogun Róòmù dáná sun Tẹ́ḿpìlì náà. Láti ìgbà náà ni ohùn orin ibẹ̀ ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ bí wọ́n ti ń gbé ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí Orin Dáfídì kejìlélógún, ẹ ó rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé a dárúkọ ohùn tí olórí akọrin yóò fi kọ ọ́. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Hébérù ni abo àgbọ̀nrín òwúrọ̀. Orúkọ ohùn ni ó kù. Ohùn fúnra rẹ̀ ti lọ. Ó dàbí ìgbà tí a bá kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Ẹ kọ ọ́ bí orin tí ìyá àgbà máa ń kọ nígbà ìkórè,” tí ìyá àgbà sì ti kú láì fi orin náà kọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ogun tú àwọn Júù ká sí gbogbo ayé, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dání, wọ́n sì ń wá ohùn tuntun fún un níbi tí wọ́n bá tẹ̀dó sí. Àwọn tí ó wà ní Yemen ń kọ ọ́ ní ọ̀nà tiwọn, ti Morocco yàtọ̀, ti Póláǹdì àti Rọ́ṣíà tún yàtọ̀. Àwọn kan wà láàrin wọn tí a ń pè ní Hásídì, tí wọn a máa kọ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ohùn lásán, nítorí wọ́n gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ kò lè dé, ohùn lè dé ibẹ̀. Àwa náà jẹ nínú ogún yìí. Ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá, nípa iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ Léfì kọ ní Jerúsálẹ́mù ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa ń fi ohùn tiwa kọ. Àní “hàlẹ́lúyà” àti “àmín” tí ọmọ kékeré wa ń pè, èdè Hébérù ni.

Ṣùgbọ́n láàrin ọdún 1939 sí 1945, ibi ńlá ṣẹlẹ̀. Ìjọba Hitler ní ilẹ̀ Jámánì àti àwọn tí ó bá a lọ́wọ́ sí i pa àwọn Júù tí ó tó 6,000,000. Àwọn akọrin wà nínú wọn, àwọn olùkọ́ orin wà nínú wọn, àwọn ọmọdé tí ìbá jogún orin náà sì wà nínú wọn pẹ̀lú. Ìlú mìíràn wà tí kò ṣẹ́ ku ẹnì kan tí yóò sọ bí wọ́n ti ń kọrin níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn Júù tí ó wà ní Amẹ́ríkà fi ń bi ara wọn pé, ta ni yóò gba orin yìí lẹ́nu àwa tí ó kù?

Àgọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé wà nínú ohun tí wọ́n fi dáhùn. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà ooru wọn bọ́ sí oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ, ilé-ìwé a sì wà ní títì. Ní ọdún 1902 ni wọ́n ti dá àgọ́ kan tí à ń pè ní Surprise Lake Camp sílẹ̀ nítòsí Cold Spring, ní ìpínlẹ̀ New York, kí àwọn ọmọ tálákà tí ń gbé inú ilé tí ó há ní ìgboro lè rí atẹ́gùn àti omi tí ó mọ́. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ àgọ́ wá jinlẹ̀ sí i. Ní ọdún 1947 ni àgọ́ Ramah àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Wisconsin, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ èdè Hébérù. Ní ọdún 1952, òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní Oconomowoc ní Wisconsin yìí kan náà.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Àwọn ọmọ a máa sùn nínú ilé pákó, wọn a máa lúwẹ̀ẹ́, wọn a máa gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọn a máa lu tábìlì bí ìlù, wọn a sì máa kọrin. Bí oòrùn bá ń wọ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, tí ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù ń wọlé, wọn a wẹ̀, wọn a wọ aṣọ tí ó mọ́, wọn a kọrin wọ inú ìsinmi náà. Àwọn tí ń kọ́ wọn kì í ṣe arúgbó. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó fi ọdún díẹ̀ jù wọ́n lọ ni. Ọmọ tí ó gbọ́ orin kan ní òwúrọ̀, tí ó gbọ́ ọ ní ọ̀sán, tí ó tún kọ ọ́ ní ìdí iná ní alẹ́, fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò tún ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Bí ó bá padà délé, òun ni yóò máa fi kọ́ àwọn òbí rẹ̀.

Ẹnì kan tí ó fi èyí hàn gbangba ni Debbie Friedman. Wọ́n bí i ní ọdún 1951. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ti ń ta gìtá. Ó mú àwọn àdúrà àtijọ́, ó fi ohùn tí ọ̀dọ́ lè tètè gbé sí wọn, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní àgọ́. Ní ọdún 1972 ni àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Àwọn àgbà kan kọ́kọ́ ṣe ìyọṣùtì sí i pé orin onígìtá kò yẹ nínú sínágọ́gù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àgọ́ dàgbà, wọ́n di òbí, àwọn mìíràn di àlùfáà, wọ́n sì gbé orin náà wọ ilé ìjọsìn. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2011. Ní ọdún náà gan-an, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Hebrew Union College, tí ó ń kọ́ àwọn àlùfáà àti olórí akọrin, fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ orin rẹ̀.

Wàyí o, báwo ni eré orin ìrántí ṣe ń kó owó jọ? Àwọn Júù ní ọ̀rọ̀ kan fún ọrẹ tí a ń ta tálákà: tsedaka. Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè wọn kì í ṣe àánú, òdodo ni. Ẹni tí ó ní gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò ní, ẹ̀tọ́ ni. Bí àyájọ́ ikú ènìyàn bá pé, wọn a máa tan àbẹ́là tí yóò jó fún odindi ọjọ́ kan, wọn a sì máa ta ọrẹ ní orúkọ rẹ̀. Eré orin náà so gbogbo èyí pọ̀. Àwọn akọrin a yọ̀ǹda ohùn wọn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí fún owó táṣẹ́rẹ́, kí ìnáwó má baà jẹ owó tí ó wọlé tán. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì gbádùn orin, ẹni tí ó kú rí ìrántí, ọmọ tí kò lówó rí àgọ́ lọ.

Àṣà fífi orin ran ènìyàn lọ́wọ́ ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1742, nígbà tí a kọ́kọ́ kọ orin Messiah tí Handel ṣe, ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland, owó tí wọ́n rí lò láti ran ilé ìwòsàn lọ́wọ́, wọ́n sì fi san gbèsè àwọn 142 tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè. Wọ́n di òmìnira. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú orin náà, láti inú ìwé Aísáyà àti Orin Dáfídì ni ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Láti Ìbídò, Ògèrè kò jìnnà. Ní Ògèrè ni Josiah Òṣítẹ̀lú ti dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní ọdún 1930. Láti ọdún 1937 ni ìjọ náà ti ń ṣe àjọ̀dún lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Taborar, orúkọ tí wọ́n fi jọ ti òkè kan ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ní oṣù kẹjọ ọdún, wọn a gba ààwẹ̀ ọjọ́ 13, tí yóò parí ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù. Àwọn èrò a máa wá láti ọ̀nà jíjìn, títí kan àwọn ará Gánà, Liberia àti Sierra Leone. Kì í ṣe àgọ́ eré bí ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, àgọ́ àdúrà ni. Ṣùgbọ́n bí orin ti ń ràn níbẹ̀ kò yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ojú kan, orin kan náà lójoojúmọ́, ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá a sì gbé orin náà padà lọ sí ilé.

Ní ọdún 1944, ẹ̀ka ìjọ yìí ní Èbúté Mẹ́tta ń wá owó láti kọ́ ilé ìjọsìn. Wọ́n ké sí ọmọ Ìjẹ̀bú kan láti Òsósà, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, kí ó bá wọn ṣe eré orin. Orúkọ rẹ̀ ni Hubert Ògúndé. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì, tí ó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí Mósè kọ, ni ó mú. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n ṣe eré náà ní gbọ̀ngàn ìrántí Glover ní Èkó. Ògúndé fi ìlù àti ijó Yorùbá sí i, àwọn òṣèré kò sì dúró gbagidi bí akọrin ilé ìjọsìn. Eré náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1945, Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 1990. Ẹ ò rí nǹkan! Owó ilé ìjọsìn ni wọ́n wá lọ, tíátà Yorùbá ti òde òní ni wọ́n bá bọ̀.

Kí ni kí a wá rí kọ́? Ìbídò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú mẹ́tàlá tí ó para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ìlú kékeré lè dá gbé. Ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orin rẹ̀ wá: orin ọdún, orin ìgbéyàwó, oríkì ilé. Púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnu àwọn àgbà ni wọ́n wà, àwọn àgbà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù fi yé wa pé bí ìwé tilẹ̀ wà, ohùn lè kú. Kí ni a ó ti wí nípa orin tí kò ní ìwé rárá?

Kò sí ẹni tí ó ní kí a má jẹ, kí a má mu ní ìnáwó òkú àgbà. Ṣùgbọ́n àsè kì í ju ọjọ́ kan lọ. Bí ìyá kan tí ó mọ orin bá lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó aṣọ ẹbí. Nígbà ìsinmi ilé-ìwé ní oṣù kẹjọ, tí àwọn ọmọ Èkó bá wálé, kí wọ́n kó ọmọ ilé jọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn àgbà tí ó kù kọ́ wọn ní orin náà lójoojúmọ́. Ní ìparí rẹ̀, kí wọ́n pe ìlú wá gbọ́ ọ, kí wọ́n gba owó ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì ka ìṣirò owó náà ní gbangba kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀. Owó náà ni wọn yóò fi ṣe ti ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹnikẹ́ni yóò dá àgọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ bi ìyá àgbà léèrè orin kan tí ẹ kò gbọ́ rí, kí ẹ sì kọ ọ́ tẹ̀lé e títí ohùn yín yóò fi bá tirẹ̀ mu. Ìwé lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ni ń pa ohùn mọ́.