Hóró Tí Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Ogun Jámánì Sùn

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1940, àwọn ọ̀gá ológun Jámánì gbé àṣẹ kan jáde lórí oorun. Wọ́n ní bí iṣẹ́ ogun bá le débi pé ọmọ ogun kò lè fojú kan oorun, kí dókítà fún un ní Pervitin: hóró kan lọ́sàn-án, méjì lóru. Láàárín oṣù náà sí oṣù Keje, hóró tó lé ní mílíọ̀nù 35, ti Pervitin àti Isophan tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti òfuurufú. Methamphetamine ló wà nínú rẹ̀, oògùn olóró kan náà tí wọ́n ń pè ní mkpuru mmiri ní Nàìjíríà lónìí, tí àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró ń torí ẹ̀ mú èèyàn. Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi náà ru Hitler, ṣùgbọ́n àwọn tó bá a jà náà pín irú ẹ̀ fún ọmọ ogun tiwọn. Ètò ogun tí kò fi àyè sílẹ̀ fún oorun ló bí i, ara ọmọ ogun ni wọ́n sì fi san gbèsè ètò náà.

Kì í ṣe bárékè ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Fritz Hauschild, onímọ̀ oògùn ní ilé-iṣẹ́ Temmler ní Berlin, ló ṣiṣẹ́ lé e lórí, nígbà tó sì di ọdún 1938, ẹnikẹ́ni lè rà á láìmú ìwé dókítà lọ́wọ́. Otto Ranke ló mú un wọ iṣẹ́ ogun. Dókítà ni, òun ló ń darí ẹ̀ka tó ń wádìí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ológun, àárẹ̀ ló sì kà sí ọ̀tá. Ó dán oògùn náà wò lára akẹ́kọ̀ọ́ 90. Oorun fò lójú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá di ti àròjinlẹ̀, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ojú ló ń là, kì í la ọpọlọ. (Ranke fúnra rẹ̀ ń gbé e mì.) Nígbà tí ogun Pólàǹdì fi máa bẹ̀rẹ̀, oògùn náà ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun. Heinrich Böll, òǹkọ̀wé tó wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1972, wà nínú iṣẹ́ ogun nígbà náà, ó sì ń kọ̀wé sílé pé kí wọ́n fi Pervitin ránṣẹ́ sí òun. Leonardo Conti, ọ̀gá ètò ìlera ìjọba, pariwo pé ewu ń bẹ. Kì í ṣe ẹni rere, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú pípa àwọn aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n ohun tó sọ lórí hóró yìí tọ̀nà. Ní oṣù Kọkànlá 1939 wọ́n ní kí ará ìlú má rà á mọ́ láìsí ìwé dókítà. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn náà ni àwọn ológun ń kó o ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé kò wá ṣiṣẹ́ ni? Ṣebí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Faransé fi ṣubú. Mi ò ní bá a jiyàn pé àìsùn ran àwọn táǹkì Jámánì lọ́wọ́ láti la igbó Ardennes já kí ọ̀tá tó mọ̀. Ṣùgbọ́n rédíò wà nínú táǹkì Jámánì, ó ṣọ̀wọ́n nínú ti Faransé, àwọn ọ̀gágun Faransé sì ti gbà pé kò sí ẹni tó lè yára gba igbó yẹn kọjá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọgbọ́n nìyẹn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, tí wọ́n pàṣẹ kí àwọn táǹkì dúró nítòsí Dunkirk, ara ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn nílò àtúnṣe. Wọ́n gbà pé àárẹ̀ ń mú irin, ṣùgbọ́n hóró ni wọ́n fún èèyàn. Àtakò kejì lágbára jù: awakọ̀ bàálù tó bá tòògbé yóò kú, oògùn sì sàn ju ikú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, fún ẹni tó ti wà lókè, tó ń wá ọ̀nà àtidélé. Àmọ́ bí wọ́n bá ti mọ̀ pé hóró wà, wọn a fi wákàtí kún iṣẹ́ náà, ohun tó jẹ́ ti ọjọ́ ìṣòro a wá di ti ojoojúmọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà pín Benzedrine, oògùn tiwọn tó ń lé oorun, tó tó mílíọ̀nù 72 hóró fún ọmọ ogun wọn nígbà ogun yẹn.

Ọdún 1941 ni Jámánì fi Pervitin sábẹ́ òfin oògùn olóró, síbẹ̀ àwọn ológun kò jáwọ́. Ní Jàpáàn, methamphetamine tó ṣẹ́ kù nínú àká ológun ya wọ ọjà lẹ́yìn ogun, ó sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹrú rẹ̀ títí òfin fi dé ní 1951. Nígbà tó di 2002, àwọn awakọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù lu àwọn ọmọ ogun Kánádà nítòsí Kandahar, mẹ́rin kú. Àwọn agbẹjọ́rò àwọn awakọ̀ náà tọ́ka sí dextroamphetamine, oògùn tó ń lé oorun, tí ilé-iṣẹ́ ológun ń fún wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ní oògùn kọ́ ló fà á, àti pé ẹni tó bá wù ú ló ń lò ó. Síbẹ̀, ó wà nínú ìwé tí àwọn awakọ̀ ń fọwọ́ sí nígbà náà pé ọ̀gá lè ka ẹni tó bá kọ̀ ọ́ sí ẹni tí kò yẹ kó fò lọ sí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn.